Ààbọ̀ dọ́là proof ọdún 1897 méjì: ṣé èyí tó funfun ni kí n mú, àbí èyí tó ti ní àwọ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Kọ́ìnì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kó kọ́ìnì Amẹ́ríkà jọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti ná lọ ná bọ̀ ni gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ mi, pàápàá sẹ́ǹtì Lincoln tí mo ń ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan nínú èyí tí mo bá gbà ní báńkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni mo pinnu pé n óò dín iye kù, pé owó tí mo ì bá fi ra ogún ni n óò fi ra ẹyọ kan tó dára. Àwọn tó wù mí ni kọ́ìnì proof tí ilé-iṣẹ́ ìrọwó ìjọba ní Philadelphia ṣe fún àwọn akókọ́ìnìjọ láti ọdún 1892 sí 1915, ìyẹn àwọn tí Charles Barber ya àwòrán wọn: sẹ́ǹtì 10, sẹ́ǹtì 25 àti ààbọ̀ dọ́là. Mo fẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ojú gbogbo wọn sì mọ́.

Oníṣòwò kan níhìn-ín ní Maryland ti fi ààbọ̀ dọ́là méjì hàn mí nínú fọ́tò, ọdún 1897 ni méjèèjì. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀, 731 péré ni proof ààbọ̀ dọ́là tí wọ́n ṣe lọ́dún náà, kò sì dájú pé gbogbo wọn ló ṣì wà láyé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́ìnì wò ti fún méjèèjì ní máàkì, wọ́n sì ti sé wọn mọ́ inú ike. Àkọ́kọ́ gba 65 nínú 70. Funfun báláú ni, mi ò rí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń kọ mànà bí dígí. Èkejì gba 66, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di aró àti elésè àlùkò, àárín rẹ̀ sì rí bí eérú. Èkejì yìí ló wọ́n jù, owó tó sì fi wọ́n ju àkọ́kọ́ lọ kì í ṣe kékeré lójú mi.

Ọkọ mi wo fọ́tò èkejì, ó ní bí wọ́n bá fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, òun á kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ná. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí n wá síhìn-ín. Ṣé àbùkù ni àwọ̀ yẹn? Bí ó bá jẹ́ àbùkù, ǹjẹ́ ọ̀nà wà láti mú un kúrò tí kò ní ba kọ́ìnì jẹ́? Àti pé, ìyàtọ̀ máàkì kan ṣoṣo, ṣé ó tó ohun tí ènìyàn ń fi owó bẹ́ẹ̀ lé? Sátidé tó ń bọ̀ ni n óò rí méjèèjì lójúkojú ní ọjà àwọn akókọ́ìnìjọ ní Baltimore, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mo máa wò kí n tó débẹ̀.

Alàgbà_Fàdákà

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó sanwó. Jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló lè fa òfò jù: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ kọ́ìnì yẹn. Má fi ọṣẹ kàn án, má fi ọsàn kàn án, má sì fi aṣọ nù ún, bí ó ti wù kí aṣọ náà rọ̀ tó.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé máàkì kan ni proof jẹ́, pé ó kàn jẹ́ kọ́ìnì tó dára ju àwọn yòókù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe kọ́ìnì ni proof. Èyí tí ẹnì kan mú ná lọ́jà ní ọdún 1900, tí ó sì ti gbó, proof ni títí di òní olónìí. Ohun tó yí padà ni pé 45 tàbí 50 ni yóò gbà, kò ní gba 65 mọ́. Ní Philadelphia nígbà náà, wọn a mú òǹtẹ̀ irin, wọn a dán ibi tó tẹ́jú lára rẹ̀ títí ènìyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọn a dán fàdákà pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kọ́ìnì pẹ̀lú. Wọn a wá fi ẹ̀rọ alágbára tí kì í kánjú tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó jin kòtò nínú òǹtẹ̀, níbi tí orí obìnrin Òmìnira àti ẹyẹ idì ti ń jáde, ìdán kì í dé ibẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ilẹ̀ kọ́ìnì náà fi máa ń dúdú bí omi inú kànga nígbà tí o bá dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí àwòrán rẹ̀ á sì funfun bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun lé e.

Ilẹ̀ tó dán tó bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí yóò fi àpá pamọ́ sí. Kọ́ìnì tí wọ́n rọ fún ọjà lè farapa díẹ̀ kí ojú má tètè rí i, ṣùgbọ́n bí o bá fi òwú nu proof lẹ́ẹ̀kan péré, eruku tó wà láàárín òwú àti fàdákà á fa ìlà wẹ́wẹ́ bí irun sí i lára, ìlà náà kì í sì í lọ mọ́. Àwọn ọlọ́lá tó kọ́kọ́ ra àwọn kọ́ìnì yìí máa ń nù wọ́n nígbà gbogbo kí wọ́n lè máa dán nínú àpótí, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ proof ọ̀rúndún kọkàndínlógún dúró sí 62 àti 63 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ná wọn rí.

Mo fi ara mi kọ́ èyí. Sẹ́ǹtì 10 proof ọdún 1889 kan wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tí Òmìnira jókòó sórí àpáta, mi ò sì tíì mọ nǹkan púpọ̀ nígbà tí mo rà á. Àmì dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún obìnrin náà, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo mú aṣọ tí mo fi ń nu awò ojú mi, mo mí sí kọ́ìnì náà, mo sì nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Àmì náà lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sábẹ́ iná, bí ogún ìlà ló tò tẹ̀lé ara wọn láti orúnkún títí dé etí, tí gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà kan náà bí àpá ìgbálẹ̀ lórí iyanrìn. Mo fi í ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ó sì padà dé nínú ike tí kò ní nọ́ńbà lórí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé wọ́n ti nù ún. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Mi ò tà á, nítorí mo fẹ́ máa rí i.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló wá kù. Ìdá 90 nínú 100 kọ́ìnì wọ̀nyí ni fàdákà, ìdá 10 yòókù jẹ́ bàbà, fàdákà kì í sì í bá imí-ọjọ́ gbé kí ara rẹ̀ má yí padà. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wé wọn, àpòòwé tí wọ́n fi wọ́n sí, álíbọ́ọ̀mù onípáálí tí wọ́n tò wọ́n sí fún ogójì, àádọ́ta ọdún, gbogbo wọn ló ní imí-ọjọ́ nínú. Díẹ̀díẹ̀ ni awọ tín-ín-rín kan ń hù lójú fàdákà, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú awọ náà wọlé tó sì ń gba inú rẹ̀ jáde ló ń di àwọ̀ lójú wa. Bí awọ náà ṣe ń nípọn sí i ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àwọ̀ oyin, á wá máa pọ́n, á di elésè àlùkò, lẹ́yìn náà á di aró. Etí kọ́ìnì ló súnmọ́ páálí jù, nítorí náà etí ló máa ń di aró ṣáájú, tí àárín á máa bọ̀ lẹ́yìn. Bí èyí tí wọ́n fi hàn ọ́ bá tẹ̀lé ètò yìí láti etí wọ inú, tí kò fo ibì kankan, á jẹ́ pé ọjọ́ ló kùn ún. Èyí tí ènìyàn bá fi ooru tàbí oògùn kùn máa ń fo láti àwọ̀ kan sí òmíràn láìní ohun tó so wọ́n pọ̀, ó sì máa ń dà bí ẹni pé ó léfòó sórí fàdákà.

Omi ásíìdì kan wà tí wọ́n máa ń rì kọ́ìnì bọ̀, tí kọ́ìnì á sì jáde funfun kí o tó ṣẹ́jú pẹ́. Ṣùgbọ́n fàdákà ara kọ́ìnì náà ló di àwọ̀ yẹn. Bí o bá bó àwọ̀ kúrò, ara kọ́ìnì lo bó. Ẹ̀ẹ̀kan lè má hàn rárá. Bí wọ́n bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, dígí náà á ṣú bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. Nítorí náà, bí mo bá rí proof tó ti lé ní ọgọ́fà ọdún tó ṣì funfun báláú, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti rì í.

Ní Sátidé, bẹ oníṣòwò náà kí ó gbé iná tábìlì onígílóòbù kan sún mọ́ ọ, nítorí iná gbọọrọ tó wà lókè òrùlé kì í fi nǹkan kan hàn. Di ike náà mú létí, kí o máa dà á díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, lẹ́yìn náà kí o yí i po kí o tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ìlà tí kò yọ ní ìhà kan lè yọ ní ìhà kejì. Bí o bá rí ìlà, fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ilẹ̀ kọ́ìnì hàn kedere nínú awò ni ìlà náà ń ṣe bàìbàì, ara ike ló wà, bí wọ́n bá jọ hàn kedere lẹ́ẹ̀kan náà, ara kọ́ìnì ló wà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, fọ́tò kò lè ṣe èyí fún ọ.

Ọmọ_Gbàǹjo

Mo kí yín, Bàbá, mo sì kí Arábìnrin Àbẹ̀kẹ́. Ohun tí Bàbá sọ nípa nínù àti fífọ̀, mi ò ní àfikún. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mi ò fẹ́ kí a fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wo kọ́ìnì nítorí pé ó funfun, pàápàá bí ó bá jẹ́ ti ọdún 1897. Ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ dúdú àti àwòrán funfun tí Bàbá ṣàpèjúwe ni à ń pè ní cameo, kì í sì í ṣe gbogbo ọdún ló ní in bákan náà. Òǹtẹ̀ tuntun ló ń mú un jáde. Bí òǹtẹ̀ náà bá ti ń ṣiṣẹ́ ni kòtò inú rẹ̀ ń dán, tí ìyẹ̀fun ojú àwòrán sì ń lọ sílẹ̀. Láàárín 1895 sí 1898, Philadelphia mú cameo tó lẹ́wà jáde lára àwọn ààbọ̀ dọ́là yìí. Nígbà tó di 1902, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán inú àwòrán òǹtẹ̀ pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí proof ọdún 1902, 1903 àti 1904 fi ń dán látòkè délẹ̀, tí ojú Òmìnira àti ilẹ̀ tó yí i ká jọ ń kọ mànà bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ cameo, inú àwọn ọdún tó ṣáájú 1902 ni yóò ti wá a, aró tó nípọn sì lè bo ohun tó ń wá mọ́lẹ̀ pátápátá.

Nítorí náà, ẹ wo ìwé pélébé tó wà lórí ike àkọ́kọ́. Ṣé wọ́n kọ Cameo sí i? Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́ìnì wò, PCGS máa ń kọ Cameo tàbí Deep Cameo, NGC máa ń kọ Cameo tàbí Ultra Cameo, iwájú àti ẹ̀yìn ló sì gbọ́dọ̀ ní in kí wọ́n tó kọ ọ́. Bí ó bá wà níbẹ̀, 65 yẹn lè jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn yóò fẹ́ ju 66 lọ.

Ní ti máàkì, ọdún 1949 ni William Sheldon gbé òṣùwọ̀n 1 sí 70 jáde, sẹ́ǹtì bàbà ńlá ti ìgbà àtijọ́ ló sì torí rẹ̀ ṣe é. PCGS tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986 àti NGC tó tẹ̀lé e ní 1987 ló sọ ọ́ di èdè tí gbogbo ọjà ń sọ. Ojú ènìyàn ni wọ́n fi ń wò ó. Mo ti rí kọ́ìnì kan náà tó lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì, tó gba 65 lẹ́ẹ̀kan, tó gba 66 lẹ́ẹ̀kejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ọwọ́ kàn án láàárín. Àwọn kan máa ń fọ́ ike kí wọ́n lè tún gbìyànjú, ẹyọ kan á sì di mẹ́ta nínú iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ń kọ pé àwọn ti yẹ̀ wò. Láti 2007 ni ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ CAC ti ń tún àwọn tó ti wà nínú ike wò: bí wọ́n bá lẹ àmì aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, wọ́n gbà pé kọ́ìnì náà kún ojú máàkì rẹ̀, bí ó bá jẹ́ àmì aláwọ̀ wúrà, wọ́n ń sọ pé máàkì tó gbà kéré sí i. Ní tèmi, 65 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di 66 ni n óò rà, mi ò ní ra 66 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí 65.

Ẹ tún ṣí àkọsílẹ̀ gbàǹjo Heritage àti ti Stack's Bowers lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo iye tí 1897 tó gba 65 àti èyí tó gba 66 tà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tòun ti fọ́tò wọn. Ẹ rántí pé owó iṣẹ́ onígbàǹjo, tó sábà máa ń tó ìdá 20 nínú 100, ń gun orí iye tí ẹni tó rà á pè. Ẹni tí kò bá ka ìyẹn mọ́ ọn kí ó tó pe owó, yóò san ju ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ.

Ìyá_Akọ̀wé

Ẹ̀yin méjèèjì ti sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ kò tíì sọ bí Àbẹ̀kẹ́ yóò ṣe mọ̀ pé proof gidi ló wà níwájú òun. Àbẹ̀kẹ́, kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà tó wà lórí ike náà sórí ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ tó sé e, kí o sì fi fọ́tò tí wọ́n bá fi hàn ọ́ níbẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, nítorí wọ́n ti ń ṣe ayédèrú ike báyìí, kì í ṣe ayédèrú kọ́ìnì nìkan. Láti 1973 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí ẹni tó bá ṣe àfarawé kọ́ìnì kọ ọ́ sí i lára pé àfarawé ni, ṣùgbọ́n ọ̀daràn kì í ka òfin.

Lẹ́yìn náà, wo abẹ́ ìrù idì. Proof ọdún 1897 kò ní lẹ́tà kankan níbẹ̀, nítorí Philadelphia ló ti wá. Bí o bá rí O tàbí S, New Orleans tàbí San Francisco ló ti jáde, owó tí wọ́n rọ fún ọjà sì ni. Ohun tó tún máa ń tan àwọn ẹni tuntun jẹ ni kọ́ìnì ọjà tó kọ́kọ́ jáde láti inú òǹtẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán: òun náà máa ń ní dígí díẹ̀. Ibi tí mo ti máa ń mú un ni igun òkè ọ̀tún apata tó wà láyà idì, níbi tó ti pàdé ìyẹ́ apá. Lára owó ọjà, ibẹ̀ sábà máa ń pẹ́lẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n lára proof, o gbọ́dọ̀ lè ka ìyẹ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí proof náà máa ń dúró gírígírí, igun rẹ̀ á mú, kò ní yípo. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé èyí tí kò sí nínú ike lo ń wò lọ́jọ́ mìíràn, gíráàmù 12.5 ni ìwọ̀n ààbọ̀ dọ́là yìí, mílímítà 30.6 sì ni fífẹ̀ rẹ̀.

Alàgbà_Fàdákà

Ọmọ_Gbàǹjo, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ nípa cameo, ó sì yẹ kí n ti fi kún tèmi. Bí funfun náà bá ní cameo tòótọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì jìn, èmi náà á fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí Baltimore ti ni Àbẹ̀kẹ́ ń lọ, jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọkàn mi fi máa ń lọ sí èyí tí wọn kò tọ́. Ìlú yẹn ni Louis Eliasberg gbé, ẹni tó parí àkójọ kọ́ìnì Amẹ́ríkà rẹ̀ lọ́dún 1950. Ní 1942 ló ra odidi àkójọ ìdílé Clapp ti Pennsylvania. John M. Clapp àgbà ti máa ń ra kọ́ìnì tààrà láti ilé-iṣẹ́ ìrọwó láàárín àwọn ọdún 1890, nígbà tí àwọn Barber yìí ṣì jẹ́ tuntun. Rò ó wò: láti Philadelphia dé ọwọ́ bàbá, láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ, láti ọwọ́ ọmọ dé ọwọ́ Eliasberg, kò sí ọjà tí wọ́n ti rà wọ́n, tí wọ́n ti tà wọ́n, tí oníkálukú ti fọwọ́ pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n ta àwọn tí kì í ṣe wúrà ní gbàǹjo ní 1996 àti 1997, aró àti elésè àlùkò ni ọ̀pọ̀ nínú proof wọ̀nyẹn wọ̀. Títí di òní, bí orúkọ Eliasberg bá wà lórí ìwé ike, iye rẹ̀ máa ń yàtọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Kọ́ìnì

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti dé láti Baltimore, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Oníṣòwò náà ní sùúrù, ó fún mi ní ìjókòó àti iná. Èyí tó funfun ni mo kọ́kọ́ mú, wọn kò kọ Cameo sórí ìwé rẹ̀. Ó dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí gílóòbù náà rodo nínú ilẹ̀ tó wà níwájú imú Òmìnira. Mo dà á sí òsì, mi ò rí nǹkan kan. Mo yí i po, mo dà á sí ọ̀tún, lójijì ni ibi kan náà kún fún ìlà tíntìntín bí òwú aláǹtakùn, bí mo sì ṣe mi ọwọ́ báyìí, wọ́n tún pa rẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ike ló ha. Mo gbé awò lé e bí Bàbá ṣe wí. Nígbà tí ìràwọ̀ tó wà níwájú àgbọ̀n obìnrin náà hàn kedere lójú mi ni ìlà náà hàn kedere pẹ̀lú rẹ̀. Wọn kò pọ̀, wọn kò sì jìn, mi ò lè sọ pé 65 kò tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí i sí ẹ̀yìn, dígí tó yí idì ká ti ṣú díẹ̀, mo sì rántí ọ̀rọ̀ ojú ẹni tí kò rí oorun sùn.

Fọ́tò ti pa irọ́ mọ́ èkejì. Eérú tí mo rí láàárín rẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo gbé e dání gbọọrọ. Bí mo ṣe dà á báyìí, eérú náà là bí kùrukùru òwúrọ̀, ilẹ̀ dúdú tó jinlẹ̀ sì yọ lábẹ́ rẹ̀ láìní ìlà kan. Àwọ̀ oyin wà lẹ́bàá irun Òmìnira, ó ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di elésè àlùkò nídìí àwọn ìràwọ̀, ó sì di aró létí pátápátá, kò fo ibì kankan. Mo ka ìyẹ́ tó wà ní igun apata náà, wọ́n pé. Nọ́ńbà orí ike àti fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì bára mu. Mo wo iye tí irú rẹ̀ tà ní gbàǹjo, ohun tí oníṣòwò náà ń béèrè kò jìnnà sí i, ó sì tún bá mi dín in. Mo san owó rẹ̀ kí n tó dìde níbẹ̀.

Ọkọ mi jókòó tì í lábẹ́ iná lálẹ́ ọjọ́ náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì dárúkọ ọṣẹ mọ́.

Ìbéèrè méjì ló kù. Níbo ni kí n gbé e sí kí àwọ̀ rẹ̀ má baà máa dúdú lọ? Sẹ́ǹtì 25 ni mo sì fẹ́ wá tẹ̀lé e. Ọdún wo ni ẹ rò pé kí n máa wò?

Ìyá_Akọ̀wé

O kú oríire, Àbẹ̀kẹ́. Ike náà kì í dí afẹ́fẹ́ pátápátá, nítorí náà má gbé e sínú àpótí onígi tàbí páálí, má sì jẹ́ kí rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó wà nítòsí rẹ̀, torí imí-ọjọ́ wà nínú òun náà. Ibi tó gbẹ, tó tutù, tí ooru rẹ̀ kì í lọ sókè sódò ló dára. Fi àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin sínú àpótí irin rẹ, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí o bá ní kọ́ìnì tí kò sí nínú irú ike yìí, yẹra fún àpò ike rírọ̀ olóòórùn tí wọ́n ń pè ní PVC. Ó máa ń da ohun aláwọ̀ ewé tó ń fà sójú fàdákà.

Tún pe àwọn adójútòfò ilé rẹ. Ìwọ̀nba kékeré ni ìwé adójútòfò ilé sábà máa ń san lórí kọ́ìnì, o lè nílò èyí tó dá dúró fún àkójọ. Ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti ìwé ike, kí o sì tọ́jú rìsíìtì náà, nítorí bí o bá tà á lẹ́yìn ọdún kan tí o jèrè, owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí èrè irú ohun àkójọ bẹ́ẹ̀ lè dé ìdá 28 nínú 100, rìsíìtì yẹn ló sì máa sọ iye tí o rà á.

Alàgbà_Fàdákà

Inú mi dùn, àbúrò mi. O ti fi ojú ara rẹ rà á.

Ní ti sẹ́ǹtì 25, má jẹ́ kí ọdún ká ọ lára jù, torí àkójọ oríṣi lo ń ṣe, kì í ṣe ti ọdún dé ọdún. Ọdún 1892 ni wọ́n ṣe proof rẹ̀ pọ̀ jù, 1,245. Ó yẹ kó rọrùn díẹ̀ láti rí, jíjẹ́ tó sì jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ Barber ń mú kí àwọn ènìyàn tọ́jú rẹ̀. Ọdún 1914 ló kéré jù, 380 péré, 1915 sì jẹ́ 450. Nínú àwọn tó kẹ́yìn wọ̀nyí, má retí cameo bíi ti 1897. Ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ àti mímọ́ rẹ̀ ni kí o máa wò. Ojú rẹ̀ kéré sí ti ààbọ̀ dọ́là, ìlà wẹ́wẹ́ bí irun sì máa ń farapamọ́ sábẹ́ àgbọ̀n Òmìnira àti lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ da iná sí. Bí o bá rí ọ̀kan, fi fọ́tò rẹ̀ síbí kí o tó sanwó, kí o sì bẹ ẹni tó ni ín kí ó yà á ní dídà sí ọ̀tún àti ní dídà sí òsì.